Láti Ṣẹ̀gilọlá dé Glamour Girls: Obìnrin Tí Wọ́n Ní Ká Bẹ̀rù

Ní ọdún 1995, àǹtí kan ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú ilé tí a gbé dàgbà ní Mushin, nítòsí Ìdí-Òro. Ìsàlẹ̀ ni àwa wà: yàrá mẹ́jọ tó kọjú síra wọn, ilé ìdáná kan, ilé ìwẹ̀ méjì. Àǹtí yìí nìkan ló ní mọ́tò nínú ilé náà, Golf funfun kan tó ti rí ayé. Kò sí ọkùnrin tí a mọ̀ ní ọkọ rẹ̀. Nígbà mìíràn á gbé báàgì ńlá jáde lálẹ́, ọjọ́ mẹ́ta á kọjá kó tó padà. Lójú àwọn àgbà ilé, ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀rí.

Àsìkò yẹn ni fíìmù Glamour Girls ń lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n ní fíìmù àgbà ni, kí ọmọdé lọ sùn. A lọ sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n a gba ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì wò ó. Lọ́jọ́ kejì, a fi ìka kọ orúkọ fíìmù náà sára eruku ẹ̀yìn mọ́tò àǹtí. Ẹ̀rín ń pa wá lọ nígbà tó yọ sí wa. Kò nà wá. Kò fẹjọ́ wa sùn. Ó wo ohun tí a kọ, ó wo ojú wa, ó wá bi wá pé: "Ta ló kọ́ yín nírú èyí?"

A sáré wọlé, a ò dá a lóhùn. Ní báyìí, kóòdù là ń kọ jẹun ní Yaba, àwa náà ti tó ẹni tí ọmọdé ń pè ní àǹtí àti bọ̀dá. Ìbéèrè yẹn ṣì wà nílẹ̀. Bí a bá fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa, a máa rìn jìnnà díẹ̀. A máa dé Paris àti Hollywood, a máa dé Èkó ọdún 1929, ká tó padà sí Ìdí-Òro.

Fíìmù dúdú

Ní gbogbo ìgbà tí Jámánì fi gba ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, fíìmù Amẹ́ríkà ò wọ sinimá Paris. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó fi di ọdún 1946, àwọn tó ń kọ̀wé nípa sinimá ní Paris ti rí i pé nǹkan ti yí padà lọ́hùn-ún. Òru ni púpọ̀ nínú ìtàn náà, òjò ń rọ̀, wọ́n ti pa èèyàn. Ọkùnrin tó yẹ kó jẹ́ akọni ti di arúfin. Obìnrin arẹwà kan sì wà láàárín, tí a ò lè mọ inú rẹ̀. Nino Frank pe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ní film noir, ìyẹn fíìmù dúdú. Obìnrin àárín yẹn náà gba orúkọ Faransé: femme fatale, obìnrin tó ń ṣekú pani.

Èyí tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni Double Indemnity, tí Billy Wilder darí lọ́dún 1944. Walter Neff ń bá iléeṣẹ́ ìnṣúránsì ṣiṣẹ́. Ó lọ sílé oníbàárà kan, ìyàwó oníbàárà ló bá. Phyllis Dietrichson lorúkọ rẹ̀, Barbara Stanwyck ló ṣe é. Bó ṣe ń ti orí àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ẹ̀wọ̀n wúrà ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Neff ń wò. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi gbìmọ̀ pé àwọn máa pa ọkọ, àwọn á sì gba owó ìnṣúránsì. Ìwé náà ní bí ikú bá jẹ́ ti ìjàǹbá ojú irin, ìlọ́po méjì ni wọ́n máa san. Ibẹ̀ ni orúkọ fíìmù náà ti wá.

Ẹni tó ń sọ ìtàn yẹn gan-an ni a fẹ́ kí ẹ wò. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan ti bàjẹ́ tán. Ìbọn ti ba Neff. Ó wọ ọ́fíìsì lóru, ó jókòó ti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó ń jẹ́wọ́. Ohun gbogbo tí a mọ̀ nípa Phyllis, ẹnu Neff la ti gbọ́ ọ. Phyllis ò ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Nígbà tí ìtàn sì máa parí, ìbọn Neff ló pa á.

Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ irú ìtàn báyìí dáadáa. Bí ètò kan bá dákú lóru, lọ́ọ̀gì la máa ń kà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ká lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún kan ti mọ nǹkan méjì. Ibi tí nǹkan ti fọ́ lè má jẹ́ ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́ọ̀gì kì í sì í sọ ju ohun tí ẹni tó kọ ọ́ bá ní kó sọ.

Kí ló dé tí Phyllis fi gbọ́dọ̀ kú? Láti ọdún 1934, Hollywood ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní Production Code, ọ́fíìsì Joseph Breen ló ń ṣọ́ ọ. Fíìmù tí kò bá gba òǹtẹ̀ wọn, sinimá ńlá ò ní gbé e. Òfin náà ò fẹ́ kí ọ̀daràn mú un jẹ, kò fẹ́ kí panṣágà dùn ún wò. Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé tó gbé bírò rárá, ìparí Phyllis ti wà nílẹ̀.

Ogun náà sì wà nídìí ọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin wà lójú ogun, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù obìnrin Amẹ́ríkà wọ iléeṣẹ́, wọ́n ṣiṣẹ́ tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n gba owó ọwọ́ ara wọn. Ọkùnrin tó bá ti ogun dé á bá ìyàwó tó ti mọ iye tó wà lápò ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti kọ̀wé lórí film noir gbà pé ẹ̀rù yẹn wà lára ohun tó bí femme fatale. Obìnrin tó lówó ni wọ́n ń bẹ̀rù, ìbọn ni wọ́n wá fi sí i lọ́wọ́.

Obìnrin tó jẹ́wọ́ ní Èkó

Èkó ò dúró de Hollywood o. Ó ku ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Double Indemnity jáde, obìnrin kan ti ń jẹ́wọ́ l'Ékòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ó ti darúgbó, àìsàn ti dá a wólẹ̀, owó ti tán, ẹwà ti lọ. Ó ní òun fẹ́ sọ bí òun ṣe lo ayé òun, kí àwọn ọmọdébìnrin lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, ó ń ka àwọn ọkùnrin tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó ń dárúkọ àdúgbò tí gbogbo ará Èkó mọ̀, ó ń rántí orin ìgbà èwe rẹ̀. Á sunkún títí, á tún fi ẹwà àtijọ́ yangàn.

Àwọn lẹ́tà jáde nínú ìwé ìròyìn náà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó wà láàyè. Kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan níbì kankan. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó fúnra rẹ̀, ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 1930 ó kó o jọ di ìwé. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti Fágúnwà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí Karin Barber, tó tún ìtàn Ṣẹ̀gilọlá tẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2012, fi pè é ní ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Ẹ ro ó wò ná. Ẹni tó ṣíwájú nínú ìtàn àròsọ wa kì í ṣe ọdẹ, kì í ṣe ọba. Obìnrin Èkó tí wọ́n ní ká bẹ̀rù ni.

Ó jọ Double Indemnity ju bí a ṣe rò lọ. Ẹni tí ikú ti ń wò lójú ló ń jẹ́wọ́. Ìlú ńlá ni, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ àti owó ló wà nídìí rẹ̀, a sì ti mọ ìparí láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé obìnrin náà ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ni bírò. Thomas ní kó kábàámọ̀, ó sì kábàámọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ka ìwé náà á rí i pé bí Ṣẹ̀gilọlá bá ti ń rántí ìgbà tí ayé ń gbọ́ tirẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, inú òǹkàwé náà ń dùn. Ìparí jẹ́ ti ẹ̀kọ́. Àárín ìtàn ni àwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ ra ìwé ìròyìn. Hollywood náà mọ àṣírí yìí.

Irú Èkó wo ló bí i? Láàárín ọdún 1922 sí 1928, ìwé ìròyìn Yorùbá ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan l'Ékòó: Èkó Àkéte, Elétí Ọfẹ, lẹ́yìn náà Akéde Èkó fúnra rẹ̀. Ojú irin ń kó àlejò wọ̀lú. Ọmọ ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ bàbá rẹ̀ lè dé lónìí, kó di olówó lọ́la. Àwọn obìnrin tó lówó gan-an l'Ékòó yẹn sì wà ní gbangba: àwọn oníṣòwò ọjà ni. Alímọ́tù Pẹlẹ́wúrà, tó ń ta ẹja, di olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó. Lọ́dún 1940 ó kó wọn jáde lòdì sí owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ obìnrin. Kódà, ní oṣù Kọkànlá àti Kejìlá ọdún 1929, nígbà tí Ṣẹ̀gilọlá ń sunkún nínú Akéde Èkó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ní agbègbè Aba àti Owerri ń bá ìjọba jà lórí ọ̀rọ̀ owó orí kan náà. Obìnrin ń ṣòwò, obìnrin ń jà. Èyí tó ń tàn ọkùnrin jẹ ni olóòtú wa rí kọ.

Jagua ò kú

Lọ́dún 1961, Cyprian Ekwensi gbé Jagua Nana jáde. Jagua kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ilé ijó alẹ́ kan l'Ékòó, Tropicana, ló ti ń rí ọkùnrin. Ó fẹ́ràn olùkọ́ kan tí kò tó o lọ́jọ́ orí, Freddie, ó tún ń bá olóṣèlú kan tí wọ́n ń pè ní Uncle Taiwo rìn. Àwọn ará Ítálì fẹ́ fi ìwé náà ṣe fíìmù. Ọ̀rọ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọn ò gbà. Orílẹ̀-èdè ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, wọn ò fẹ́ kí irú Jagua ló máa gbé orúkọ wa lọ sókè òkun.

Ẹ jẹ́ ká fún Ekwensi ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: kò pa Jagua. Uncle Taiwo, olóṣèlú, ló kú. Jagua kúrò l'Ékòó, owó bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ń gbèrò láti lọ ṣòwò ní Onitsha. Kò pọ̀, ìwé tó jẹ́ kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ ṣòwò tirẹ̀ ní àlàáfíà.

Yorùbá náà ò fi ìwé ọ̀daràn sílẹ̀. Lọ́dún 1969, Ọládèjọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, Àgbàlagbà Akàn sì tẹ̀lé e lọ́dún 1971. Lápàdé ni wọ́n dá lé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọpa àwọn ọ̀daràn. Ẹni tó bá ń sọ pé film noir ò gbọ́ Yorùbá, kó lọ wá ìwé méjèèjì kà ná, ká tó jọ sọ̀rọ̀.

Ìlú bà jẹ́, fídíò dé

Ẹ jẹ́ ká sọdá afárá báyìí. Láti ọdún 1955, ìjọba ń wó ilé àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó lára àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Àdúgbò tí wọ́n fi tipátipá kó èèyàn lọ yìí ló padà di ojúkò Nollywood.

Nígbà àwọn òbí wa, òde ni wọ́n ti ń wo sinimá. Casino wà ní Yaba. National Theatre ṣí ní Igánmú lọ́dún 1976. Lọ́dún 1979, Aiyé tí Hubert Ògúndé gbé jáde ń fa èrò kiri. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1986, ìjọba Babangida mú SAP dé. Ṣáájú SAP, dọ́là kan ò tó náírà kan. Nígbà tó fi di ọdún 1993, dọ́là kan ti ju náírà 20 lọ. Iléeṣẹ́ ń lé òṣìṣẹ́, olè ń jà lóru. Òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ta ló fẹ́ ti sinimá dé ní aago mẹ́wàá alẹ́? Onílé tìlẹ̀kùn, wọ́n tan fídíò.

Láàárín ìyà yẹn náà, àwọn kan kàn ṣàdédé lówó. Ẹni tó ń wọ mólúè lánàá ti ń wa Mercedes lónìí, ẹnikẹ́ni ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ 419, tó jẹ́ nọ́ńbà abala kan nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, di ọ̀rọ̀ tí ọmọdé mọ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń bi ara wọn pé: níbo ni owó yìí ti wá?

Ìbéèrè yẹn ni fídíò dáhùn. Kenneth Nnebue, oníṣòwò tó ń ta ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì, ti kọ́kọ́ bá àwọn òṣèré Yorùbá ṣe Àjẹ́ Ni Ìyá Mi lọ́dún 1989. Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn. Lọ́dún 1992 ó gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìbò. Lọ́dún 1994 ni Glamour Girls dé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Chika Onukwufor ló darí rẹ̀: àwọn obìnrin àpọ́n l'Ékòó, tí wọ́n ń fi ara wá owó lọ́wọ́ ọlọ́lá, tí ọ̀kan ń fa èkejì wọlé. Liz Benson, Gloria Anozie, Jennifer Okere àti Eucharia Anunobi di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ń rí Nneka, arẹwà tó jẹ́ ejò, àti Karishika, ẹni tí èṣù rán wá sáyé láti tan èèyàn jẹ. Ní Sùúrùlérè, Winis Hotel àti Ojez ní National Stadium di ibi tí òṣèré, olùdarí àti ẹni tó ń wá iṣẹ́ ti ń pàdé.

Bí ẹ bá fi fídíò wọ̀nyẹn wé film noir, nǹkan kan máa yà yín lẹ́nu. Ní Hollywood, wọ́n ń lo iná láti fi ṣe òkùnkùn: òjìji fèrèsé lójú ọkùnrin, ìdajì ojú obìnrin nínú òjìji. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe é, bíi Billy Wilder, Fritz Lang àti Robert Siodmak, ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń fi òjìji sọ̀rọ̀ nínú fíìmù tipẹ́. Fídíò tiwa mọ́lẹ̀ kedere. Pálọ̀ ni, ṣọ́fà aláwọ, ọ̀sán gangan. Òkùnkùn tiwa kò sí nínú àwòrán, ìta ló wà. NEPA á mú iná lọ ní àárín eré, a ó jókòó sínú òkùnkùn gidi, a ó máa retí kí wọ́n mú un dé, ká lè mọ ohun tó ṣe obìnrin náà ní ìgbẹ̀yìn.

A sì mọ ohun tó máa ṣe é. Ìyà á jẹ ẹ́, tàbí kó kú, tàbí kí pásítọ̀ gbà á là. Lọ́dún 1993 ìjọba ti ṣòfin tó dá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀, NFVCB. Ṣùgbọ́n àjọ ò tilẹ̀ ní láti sọ̀rọ̀. Oníbàárà fẹ́ kí ìtàn parí síbi tí kò ní dójú tì í níwájú ọmọ rẹ̀. Ohun tí Breen ń fi òǹtẹ̀ ṣe, tí Thomas ń fi ẹ̀kọ́ ìwà ṣe, pásítọ̀ ló ń bá wa ṣe é.

Ẹ lé akátá lọ ná

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá nìyí. Ẹ padà wo Living in Bondage. Andy Okeke ló fẹ́ lówó. Andy ló wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Andy ló fi Merit, ìyàwó rẹ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀, ṣètùtù ọlà. Ẹni tó padà mú un lọ síbi ìgbàlà ni Tina, obìnrin tó ti ṣe aṣẹ́wó rí. Fíìmù tó bí gbogbo ọjà yìí ti sọ ọ́ kedere: ọkùnrin ló pa èèyàn, obìnrin ló kú, aṣẹ́wó ló gbani là. Gbogbo wa la wò ó. Síbẹ̀, nígbà tí a jáde sí ojúde ilé wa ní Mushin, obìnrin tó ní Golf la fura sí. Alhaji tó ní Mercedes mẹ́ta ní òpópónà kejì ń gba ìkíni, wọ́n ń fi jẹ baba ìsàlẹ̀ lóde ìnáwó.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ní ti ìlú yìí, adìẹ nìkan là ń bá wí láti ọdún 1929.

Ẹni tó sọ ọ́ dáadáa jù lọ lójú wa ni Túndé Kèlání, nínú Thunderbolt: Mágùn, ọdún 2001. Yínká fura sí Ngozi, ìyàwó rẹ̀. Kò rí ẹ̀rí kankan. Wọ́n fi mágùn sí Ngozi lára, kò sì mọ̀. Ọkùnrin tó bá bá a lò pọ̀ ti wọ gàù, bí wọn ò bá sì tètè wá nǹkan ṣe sí i, òun náà á kú. Femme fatale rèé lóòótọ́: ara obìnrin ti di ikú. Àmọ́ ta ló gbé ikú síbẹ̀? Ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀ ni. Ẹni tó kọ kóòdù yẹn ló tún ń pariwo pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Lọ́dún 2018, Kẹ́mi Adétiba gbé King of Boys jáde. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe Ẹniọlá Salami, ìyá olówó tó ń darí àwọn ọ̀daràn Èkó, tó tún fẹ́ wọ ìjọba. Kì í ṣe ẹwà ló fi ń darí wọn. Ó pàdánù púpọ̀, àwọn tó rò pé ó jẹ́ tiwọn dà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù parí, ó ṣì wà láàyè, lọ́dún 2021 ó sì padà wá. A kì í ṣe alátìlẹyìn ọ̀daràn o. Inú wa dùn nítorí pé, fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú tiwa, a bi obìnrin kan léèrè bó ṣe ń ṣèlú, wọn ò bi í léèrè ẹni tó ń bá sùn.

Ìdáhùn

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a bi ìyá wa léèrè àǹtí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ní ṣé a ò mọ̀ ni? Kútọnu ló máa ń lọ. Bàtà àti báàgì ló ń kó wá fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Tejúoṣó. Òru ló ń jáde kó lè tètè dé ẹnubodè. Ó tún ní àǹtí yìí kan náà ló ń gba àjọ àwọn obìnrin ilé, òun gan-an sì wà níbẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n dá bàbá wa dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ àǹtí ni ìyá wa ti yá lára owó iléèwé wa.

A bi í pé kí ló dé tí òun ò fi sọ fún àwọn ará ilé, nígbà tí wọ́n ń pe obìnrin náà ní Glámọ̀ lẹ́yìn. Ìyá wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ta ló bi mí?"

Àǹtí kó kúrò lọ́dún 1997. A ò mọ ibi tó wà. Bí ẹ bá ka èyí, ẹ̀yin àǹtí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Ẹ bi wá pé ta ló kọ́ wa. Fíìmù kọ́ wa díẹ̀, ìwé ìròyìn ti kọ́ àwọn tó bí àwọn òbí wa ṣáájú fíìmù. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, nínú ilé wa la ti kọ́ ọ, lẹ́nu àwọn tó ń gba àjọ lọ́wọ́ yín. Àwa la sì fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ sára mọ́tò yín.